Bàtà Oníbọ́tìnnì Tí Ó Ń Dúró De Ọjọ́ Ńlá

Nígbà tí bàtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹsẹ̀ ọmọdé nílẹ̀ wa, ọkùnrin kan wà, àgbẹ̀ kòkó, tí ó lọ sí Èkó. Ó rí àwọn ọmọ ọlọ́lá níbẹ̀ tí wọ́n wọ bàtà dúdú tó ga dé ìdajì ojúgun, tí bọ́tìnnì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Irú ìyẹn ló gbòde. Ẹnu yà á. Ó rà á fún ọmọbìnrin rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ́ kékeré tí wọ́n fi ń fa bọ́tìnnì wọ ojú ihò, ó sì gbé e mọ́ àyà títí ó fi délé.

Gbogbo ilé péjọ. Àwọn àgbà fọwọ́ kàn án, wọ́n ní awọ yìí rọ̀ ju etí ewúrẹ́ lọ. Ọmọ na ẹsẹ̀ síwájú.

Bàbá rẹ̀ ní, "Rárá o! Ọjọ́ tí a bá ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí a ń kọ́ yìí ni wàá wọ̀ ọ́."

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ní bàtà a máa gbé e lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, a fọ ẹsẹ̀, a nù ún gbẹ, kó tó wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú nínú kí bàtà máa dúró de ọjọ́. Ìyá ọmọ nìkan ló ń fi ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Ìbíyẹmí, ẹ kúkú tẹ́ ẹní fún bàtà yìí kó sùn." Ọkùnrin náà a rẹ́rìn-ín. Bó bá di Sátidé, a gbé bàtà jáde, a fi òrí pa á, ọmọ a sì jókòó tì í.

"Ṣé ọ̀la ni, Bàbá?"

"Ó kù díẹ̀."

Òjò wó ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà. Wọ́n tún un mọ. Páànù kò tètè dé. Kí wọ́n tó parí rẹ̀, kòkó ti so, wọ́n ti ká a, ó tún ti so.

Ọjọ́ ńlá pé. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìkọ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ kọ̀. Ó ta òróró sí i, ẹsẹ̀ kọ̀. Òógùn bò ó. Orin ti bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀, ó ní, "Ẹ tì í, Bàbá. Mo ti ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kò."

Ọwọ́ bàbá dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ náà lé àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹwọ́ kò gbà á tán mọ́. Gìgísẹ̀ ti le, ìka ti gùn. Ẹ̀rù bà á, irú ẹ̀rù tí kì í jẹ́ kéèyàn lè sọ̀rọ̀ sókè. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ń sùn. Ta ní ń na ẹsẹ̀ yìí lálaalẹ́ tí òun kò gbọ́ ìró? Iṣẹ́ Ọlọ́run ń lọ tó báyìí nínú ilé òun, bàtà ni òun jókòó tì, tí òun ń fi òrí pa!

"Ìbíyẹmí, ìwọ lo dàgbà tó báyìí?"

"Ó ti pẹ́, Bàbá."

Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni àwọn méjèèjì fi wọlé. Àwọn ọmọ tó ti Èkó wá ti jókòó síwájú, bàtà pẹlẹbẹ olókùn kan ni wọ́n wọ̀. Oníbọ́tìnnì gíga ti di ti àná.

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, tí ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ní ọ̀rọ̀ dídùn kan tí ẹ fi pamọ́ fún ọmọ yín. Ẹ ní ó di ọjọ́ tó bá yege, ó di ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, kí ẹ tó sọ fún un pé inú yín dùn sí i. Ọmọ kì í dúró de ayẹyẹ. Bí ẹ ti jókòó yìí, ó ń dàgbà. Ẹ lọ sílé, ẹ pè é, kí ẹ sọ ọ́ fún un lónìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì bá a mu.