Àwẹ̀ró àti Àwọ̀n Tó Gba Gbogbo Ọgbà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má tíì sùn. Àlọ́ tòní kò dùn, mo ti sọ tẹ́lẹ̀. Aláǹtakùn ló ni ín.

Ní ìgbà kan rí, àwọn aláǹtakùn pọ̀ nínú ọgbà ẹ̀fọ́ kan, kálukú ní igun tirẹ̀. Inú ikùn wọn ni òwú ti ń wá. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, oníkálukú á jẹ àwọ̀n àná, á sì ta òmíràn, kí àtè ara rẹ̀ lè mú kòkòrò. Bí àwọn ìyá wọn ti ṣe é nìyẹn.

Àwẹ̀ró, ọ̀kan nínú wọn, lóyún. Ó ní àwọn ọmọ òun á pọ̀, igun kan kò lè gbà wọ́n. Ló bá tọ àwọn ìyókù lọ, ó ní olóko fẹ́ tiná bọ ọgbà. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n na òwú sókè, afẹ́fẹ́ gbé wọn lọ. Ìgbín tó ń gbé ìdí ẹ̀fọ́ nìkan ló kù. Ó ní kí òun tó sá dé ibì kan, iná á ti jó tán.

Àwẹ̀ró wá ń ta okùn láti ìdí ilá dé ìdí ata, títí dé etí ọgbà. Kò jẹ àwọ̀n àná mọ́. Bó bá jẹ ẹ́, ìgbà wo ni yóò gbòòrò? Ìgbín kìlọ̀ fún un pé ohun tí a kò dá padà sínú ikùn, ikùn kò ní rí i fúnni lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Àwẹ̀ró ní kí Ìgbín máa wọ́ lọ jàre.

Ọyẹ́ dé. Eruku bo àwọ̀n, àtè gbẹ. Eṣinṣin ń bà sí i, wọ́n ń fò lọ. Ebi ń pa Àwẹ̀ró. Àsìkò náà gan-an ni ẹyin dé.

Ẹ̀yin ọmọ, aláǹtakùn kì í yé ẹyin sílẹ̀ lásán. Òwú ló fi ń wé e, bí a ti ń fi aṣọ wé ọmọ tuntun. Àwẹ̀ró fún ikùn títí, òwú kò jáde. Ó sáré lọ jẹ àwọ̀n, eruku ló kún ẹnu rẹ̀. Ó ké pe àwọn ará ilé kí wọ́n wá bá òun fi òwú díẹ̀ wé ẹyin. Ta ni yóò dáhùn? Òun ló fi irọ́ lé wọn lọ.

Èèrà gbóòórùn ẹyin. Àwẹ̀ró na ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bo ẹyin.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ jẹ."

Èèrà ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, wọ́n ń gbé ẹyin lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí kò fi ku ẹyọ kan.

Àwẹ̀ró kò kú lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó jókòó sí àárín àwọ̀n ńlá, gbogbo ọgbà ti di tirẹ̀, kò sì rí ẹni tí yóò jogún rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó lé ará ilé lọ nítorí àyè, lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, àyè náà ni yóò máa ké pè.