Títíladé Nílùú Àwọn Ìlà Tó Wú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí etí yín ṣì ń gba ọ̀rọ̀ rere. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ nínú yín, kó rọra gbé abọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò bá oúnjẹ rìn. Àrà ni mo gbé dání, àrà tí ojú kò rí rí, ṣùgbọ́n àrà náà ń rùn, n kò sì ní bu lọ́fínńdà sí i torí pé mo fẹ́ kó dùn mọ́ yín. Nígbàkígbà tí mo bá rántí ìwà tí ọkùnrin kan hù nínú ìtàn yìí, itọ́ a kún mi lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n tu ú dànù ná, kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlú kan wà tí à ń pè ní Etídò, odò ńlá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odò tó ń fún wọn lẹ́ja nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń bá wọn du ilé nígbà òjò. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títíladé, ọmọ tó mọ ìṣirò bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, òun ló ń wọn omi odò náà fún ìlú. Ohun tó bá wọ̀n, inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ló ń fi í sí, kọ̀ǹpútà a sì fi ìlà yà á: ìlà kan fún gíga omi, ìlà kejì fún gíga bèbè odò. Bí ìlà omi bá ti gun orí ìlà bèbè, ewu dé nìyẹn. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, òjò rọ̀, ó rọ̀, ó tún rọ̀, ẹ̀rù sì ba Títíladé pé omi máa gba àdúgbò Ìsàlẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn ń gbé pẹ̀lú àwọn apẹja àtàwọn ọmọ wọn. Ó lọ bá Baálẹ̀. Baálẹ̀ ní, “Ọmọ mi, mi ò lè lé èèyàn kúrò nílé baba rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rù ń ba ẹnì kan. Mú àwòrán odò wá kí n fojú ara mi rí i.”

Títíladé sáré dé ọ́fíìsì, ó ní kí kọ̀ǹpútà ya odò. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìlà méjèèjì wú bí òkú ewúrẹ́ tó ti pẹ́ nínú omi, wọ́n sùn lé ara wọn, wọ́n di ìdọ̀tí kan ṣoṣo tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí òróòro, kò sì sẹ́ni tó lè mọ èyí tó wà lókè. Láníyonu, ọ̀gá ọ́fíìsì, ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwọn tó ṣe irinṣẹ́ ayàwòrán inú kọ̀ǹpútà yẹn ti pín ohun gbogbo sí agbo ilé: gbogbo ìlà wà nínú agbo ilé kan, gbogbo lẹ́tà wà nínú òmíràn, agbo ilé kọ̀ọ̀kan sì ní baálé. Ẹni tó bá fẹ́ yí ìlà kan padà lè bá ìlà náà nìkan sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá baálé sọ̀rọ̀, gbogbo ọmọ ilé ló bá wí, títí kan èyí tí a kò tíì bí. Láníyonu ń retí àlejò pàtàkì, ó fẹ́ kí àwòrán tirẹ̀ hàn láti ẹnu géètì, ló bá pàṣẹ fún baálé méjèèjì pé kí gbogbo ìlà àti lẹ́tà wú, kí àwọ̀ ìlà sì yí padà. Àlejò wá, àlejò lọ, Láníyonu nu ẹnu, ó bá tirẹ̀ lọ, kò dá nǹkan kan padà sí bó ṣe wà. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu á gbàgbé, ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Ìwà náà rí mi lára.

Títíladé kò mọ èyí. Ìbínú gbé e, ó fi iwájú orí gbá ojú kọ̀ǹpútà, ni dígí bá rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ó sì gbé e mì. Ìlú àwọn ìlà ló já sí. Àwọn ìlà, àwọn ọmọ-tẹ́ẹ́rẹ́-rìn-jìnnà, àwọn atọ́nà-má-ṣìnà, ni wọ́n nà gbalaja sílẹ̀ yìí tí wọn kò lè dìde. Ọ̀rá ń kán lára wọn, ó ń rùn bí ẹran tó bàjẹ́, ètè wọn sì ti lẹ̀ mọ́ra. Títíladé fi ìró bo imú, ó tọ èyí tó sún mọ́ ọn lọ, ó ní, “Ìwọ, di tẹ́ẹ́rẹ́.” Ó di tẹ́ẹ́rẹ́ lóòótọ́. Ó bọ́ sórí èkejì, ó bọ́ sórí ẹ̀kẹta, ó ń ṣe é lọ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Àmọ́ bó ti ń wo ọ̀kan sàn ni wọ́n ń bí tuntun, tuntun ọ̀hún a sì ti inú wá pẹ̀lú ọ̀rá. Nígbà tó yá, ìlà tó kọ́kọ́ wò sàn kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú,” ni ìlà náà wí. “Ẹ wọ ilé wa, ẹ ń pàṣẹ fún àwa ọmọdé, ẹ kò sì tíì kí baálé. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé níbi tẹ́ ẹ ti wá nìyẹn?”

Ojú ti Títíladé. Inú agbo ilé ni wọ́n ti tọ́ ọ, kò sì sí ibi tí yóò dé nílé ayé tí kò ní béèrè baálé kó tó jókòó, àfi ìdí kọ̀ǹpútà yìí nìkan. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀kọ́ ilé kì í ṣe bàtà tí à ń bọ́ sílẹ̀ tí a bá ti dé iwájú ẹ̀rọ.

Ó gbéra, ó forí lé agbo ilé. Lójú ọ̀nà, iwin kan dínà mọ́ ọn, lẹ́tà kan tó wú débi pé ògiri dúdú lásán ni ojú rí. Iwin náà bú ramúramù, ó ní, “Kà mí, tàbí kí n tẹ̀ ọ́ pa.” Títíladé sún sẹ́yìn, ó tún sún sẹ́yìn, títí ó fi rí i látòkèdélẹ̀, ó sì pè é ní orúkọ rẹ̀. Ni iwin bá bú sẹ́kún, torí pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti mọ̀ ọ́n, ó sì yà fún un.

Baálé àwọn ìlà jókòó sínú iyàrá rẹ̀, tàbí kí n sọ pé ó kún iyàrá rẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ ti gba ojú fèrèsé jáde, ìdin ń rìn nínú ìṣẹ́po ọrùn rẹ̀, omi ofeefee ń ti ojú rẹ̀ jáde. Títíladé kúnlẹ̀, ó kí i. Baálé sọ pé, “Ọmọ ènìyàn, a kì í gba ọ̀rọ̀ àbọ̀ níbí. Dárúkọ ilé tí ò ń bá wí, dárúkọ ohun tó o fẹ́ yí padà, kó o sì sọ ìwọ̀n rẹ̀. Bó o bá ń sọ ọ́, kó o dì mọ́ mi, torí ẹni tí kò lè fara kan ilé kò lè tún un ṣe.” Títíladé bì. Ó nu ẹnu, ó tún bì. Ó wá rántí ìyá rẹ̀ tí kò lè sáré, ó di ojú, ó sì dì mọ́ baálé, ọ̀rá gbígbóná ṣàn wọ̀ ọ́ létí. Ó ní, “Agbo ilé Ìlà ni mò ń bá wí. Ìsanra yín àti àwọ̀ yín ni mo fẹ́ yí padà. Ìwọ̀n tí wọ́n fi bí yín ni kẹ́ ẹ padà sí.” Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ gbogbo ilé fún pọ̀, ọ̀rá gbẹ, baálé di tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín apá rẹ̀, àwọn ìlà sì dìde lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí koríko lẹ́yìn òjò.

Bó ṣe lajú, ìdí kọ̀ǹpútà ló wà. Àwòrán odò ti jáde kedere, bí lẹ́tà tilẹ̀ ṣì wú: ìlà omi ti fọwọ́ kan ìlà bèbè, ó sì ń gòkè sí i. Baálẹ̀ wò ó, ó ní kí Ìsàlẹ̀ kó jáde. Títíladé pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn gòkè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi wọlé, ó wó ògiri, ó gbé ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò rí èèyàn kankan gbé.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì ni àwọn ará Ìsàlẹ̀ sá sí. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí pẹ̀lú ẹní tó tutù nígbà tí Láníyonu dé, tó wo àwòrán odò, tó sì yínmú. Ó ní, “Títíladé, ta ló ní kó o fọwọ́ kan ètò mi? Ìlà wọ̀nyí ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Àlejò mi ń padà bọ̀ lọ́la.” Ó sì na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà láti tún bá baálé sọ̀rọ̀.

Títíladé ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àwòrán tiyín nìkan ni kẹ́ ẹ bá wí.”

Ìyá Títíladé gbójú sókè láti orí ẹní. Ó rọra bi ọkùnrin náà pé, “Bàbá, nílé tí wọ́n ti tọ́ yín, ta ló máa ń palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn yín?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láníyonu fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ìyẹn gan-an ló kó mi nírìíra ju ìdin ọrùn baálé lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ mi, ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni mo fẹ́ fún yín. Ẹni tó bá bá olórí ilé sọ̀rọ̀ ti bá ọmọ tí a kò tíì bí sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ fi ìwọ̀n sí àṣẹ tẹ́ ẹ bá ń pa lórí ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa. Bó o bá yí i padà fún ìgbádùn ara rẹ, dá a padà kó o tó dìde, torí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ lè jẹ́ ẹni tí omi ń lé bọ̀.