Ọkùnrin Tó Ní Òun Kò Ní Jẹ Gbèsè Àáró

Nínú ìjọ kan ní ìlú ńlá, ọkùnrin kan wà tí gbèsè ti dójú tì rí. Alàgbà ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ọ̀mùtí. Ó kàn fẹ́ kí ilé òun dà bí ilé àwọn tí wọ́n jọ ń jókòó níwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó yá owó ra mọ́tò, ó tún yá òmíràn láti fi san ti mọ́tò. Ní ọjọ́ Ìkórè, bó ti ń gbé àwo ọrẹ kiri láàárín ìjọ, àwọn tí olówó èlé rán wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń ké orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń kéde ewúrẹ́ tó sọnù. "Alàgbà, ẹ má gbé ìyẹn lọ o! Tiwa ńkọ́?" Àwọn kan nínú ìjọ rẹ́rìn-ín. Kò gbàgbé ẹ̀rín náà láéláé.

Ó ta mọ́tò, ó ta àga, ó ta gbogbo ohun tó ń dán nínú ilé, ó sì san gbèsè náà tán pátápátá. Lẹ́yìn náà ó kó aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí abúlé tí bàbá rẹ̀ àgbà ti dáko, níbi tí ilẹ̀ ìdílé wà. Ó ní àwọn yóò máa jẹ ohun tí ọwọ́ àwọn bá gbìn, àwọn yóò máa wọ aṣọ tí àwọn ní, àwọn yóò sì máa sin Ọlọ́run láìsí ariwo. Títí débẹ̀, ohun rere ló ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtàn yìí bú ẹni tó fi ìlú sílẹ̀ nítorí àlàáfíà. Ilé alámọ̀ tí wọ́n tún ṣe kò jò. Àwọn ọmọ sanra. Ìyàwó rẹ̀, tí wàhálà ìlú ti sọ di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bó bá ń gbálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbàdúrà nínú ilé náà, ọkùnrin yìí dìde dúró, ó búra. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, òun kò ní jẹ ẹ̀dá alààyè kankan ní ohunkóhun mọ́, ìbáà ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣe àmín. Ó rò pé Ọlọ́run ni ọkọ òun ń bá sọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ìkórè ló ń dá lóhùn. Ìbínú ni ọkùnrin náà gbé wá láti ìlú. Ó fi aṣọ funfun wọ̀ ọ́, ó sì ń pè é ní ìwà mímọ́.

Arúgbó opó kan, Ìyá Àlàdé, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, gbé abo adìẹ kan wá fún ìyàwó náà kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹran sísìn. Kí ìyá tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọkùnrin náà ti sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú owó. Ìyá wo owó, ó wo ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o rí adìẹ náà lórí àtẹ ni?"

"Rárá, Ìyá. Mi ò kàn fẹ́ jẹ yín ní gbèsè ni."

"Ó dáa. Mo kí ọ láàárọ̀, mo ní ṣé dáadáa lẹ jí. Èló lo fẹ́ san fún ìyẹn?"

Ó fi owó náà sórí ògiri kúkúrú ẹnu ọ̀nà, ó yí padà. Ibẹ̀ ni owó náà wà tí afẹ́fẹ́ fi gbé e lọ, nítorí kò sẹ́ni tó gbà pé tòun ni. Ìyàwó rẹ̀ rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ojú tì í gan-an débi pé kò lè jáde lọ pọn omi títí àwọn èèyàn fi wọlé.

Ní abúlé náà, ẹnikẹ́ni kì í dá ebè kọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, àsìkò tí òjò fi ń mú un rọ̀ kò sì gùn. Àáró ni wọ́n ń ṣe. Gbogbo wọn á kó ọkọ́ wọ oko ẹnìkan lónìí, wọ́n á wọ ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe tirẹ̀ mọ̀ pé òun náà gbọ́dọ̀ jáde nígbà tó bá kan ẹlòmíràn. Onígbàgbọ́ wà nínú wọn, Mùsùlùmí sì wà níbẹ̀. Lámídì ni olórí wọn, ọkùnrin gíga kan tó ní ọ̀kadà tí ariwo rẹ̀ ju eré rẹ̀ lọ. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó wá kí àlejò náà nílé.

"Alàgbà, oko yín la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí. Ọkọ́ ò tíì mọ̀ yín lọ́wọ́."

"Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ lóko mi, kí ni mo jẹ yín?"

"Ẹ jẹ wá kẹ̀? Ẹ ó bá wa ṣe tiwa náà ni."

"Ohun tí mò ń wí nìyẹn. Mo ti jẹ yín ní iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bí mo bá kú kó tó kàn yín ńkọ́? Gbèsè yín á wà lọ́rùn mi. Mo ti búra."

Lámídì họ orí. "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni ọwọ́ fi ń mọ́, Alàgbà. Bí ọ̀tún bá ní òun ò ní jẹ òsì ní gbèsè, ìdọ̀tí làwọn méjèèjì á jọ máa fi jẹun."

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú san owó iṣẹ́ yín lójú ẹsẹ̀."

Ojú Lámídì yí padà. "Ẹ wo ẹnu ọ̀nà mi, ẹ ò ní rí ibi tí mo kọ alágbàṣe sí. Ó dàárọ̀ o."

Ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ. Inú ọkùnrin náà dùn. Lójú tirẹ̀, ó ti borí ìdánwò.

Ebè wá kù sọ́wọ́ òun àti ìyàwó rẹ̀. Oyún inú obìnrin náà ti hàn síta. Bó ti ń tẹ̀ ló ń nàró, tó ń fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn rẹ̀, tó tún ń tẹ̀. Láti oko kejì, wọ́n ń gbọ́ ohùn àwọn aláàáró. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń bú ara wọn. "Ẹ wo ebè rẹ̀ bí àkẹtẹ̀ tí ewúrẹ́ jókòó lé!" Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀ kí òun náà lè rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Tìjésù," ni obìnrin náà wí, "ẹ jẹ́ ká pè wọ́n. Ẹ̀yìn ń ro mí."

"Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́."

"Olúwa ò ní ọkọ́, Bàbá Tìjésù. Àwọn tó ní in ló wà lọ́hùn-ún yẹn."

Ó gbọ́. Kí a má ṣe bá a purọ́ pé kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ inú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tún ta láti oko kejì, etí rẹ̀ sì gbé e padà sí ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń ké orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Lọ jókòó sábẹ́ igi bó bá rẹ̀ ọ́." Obìnrin náà wo ilẹ̀ tó kù, ó wo ojú ọ̀run, ó ronú kan ẹnu àwọn ọmọ tí yóò jẹ iṣu náà. Kò jókòó.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣubú láàárín poro. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ọkùnrin náà ké, àwọn aláàáró sì sọ ọkọ́ nù, wọ́n sáré wá. Oko Ìyá Àlàdé ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà, ìyá fúnra rẹ̀ ló gbé oúnjẹ wá fún wọn, òun náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbé obìnrin náà dé ẹ̀bá ọ̀nà. Lámídì ti ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Alàgbà, ẹ gùn ún, ẹ dì í mú, ká máa lọ sí ọsibítù!"

Níbẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ṣe ohun tí mo torí rẹ̀ sọ ìtàn yìí. Ó ní, "Èló ni ẹ ó gbà?"

"Ẹ ní kí ni?"

"Mi ò lè gùn ún láwìn. Ẹ dúró kí n mú owó wá nílé."

Kọ́kọ́rọ́ àpótí owó wọn wà ní etí ìró ìyàwó rẹ̀, níbi tó máa ń so ó mọ́. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ń tú kókó náà. Ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ, ìka rẹ̀ ń yọ̀. Obìnrin náà la ojú. Ó rí ohun tí ọkọ òun ń ṣe. Kò bẹ̀ ẹ́, kò bú u. Ó kàn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Ìwọ ọkùnrin yìí!" ni Lámídì ń pariwo. Kò pè é ní Alàgbà mọ́, kò sọ ẹ̀yin mọ́. "Ìwọ ọkùnrin yìí!" Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti dìde, ó ti ń sáré lọ sílé.

Wọn kò dúró dè é. Ìyá Àlàdé, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, gun ọ̀kadà náà, ó gbá obìnrin náà mọ́ àyà, wọ́n sì lọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ padà dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́, eruku nìkan ló bá lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà náà ni ìyàwó rẹ̀ kú sí, òun àti ọmọ inú rẹ̀, kí wọ́n tó rí ọsibítù lókèèrè. Àyà arúgbó ló kú sí. Ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ń wá owó tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọkùnrin abúlé gbẹ́ sàréè. Wọ́n sin ín tán, wọn kò tíì fọwọ́, nígbà tí ọkùnrin náà yọ owó jáde láti fi fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Lórí sàréè aya rẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyá Àlàdé ló tẹ̀ síwájú, tó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i.

"Mú tèmi wá ná. Àyà mi ló kú sí. Èló ni wọ́n ń ta àyà nílùú yín? Mo sunkún láti àná, ṣírò ìyẹn mọ́ ọn. Ọmọ tí kò jáde sáyé, mo sunkún tirẹ̀ lọ́tọ̀. San án. Ṣebí ìwọ kì í jẹ gbèsè!"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ náà. Ohùn ọmọdé ló fi dáhùn.

"Mi ò lè san án, Ìyá."

"O ò lè san án," ni ìyá wí. "Máa jẹ ẹ́ lọ."

Nígbà tó yá, àwọn aláàáró wọ oko rẹ̀ láìpè. Wọ́n kọ ebè tó kù tán. Wọn kò kọrin, wọn kò sì bá a sọ̀rọ̀. Òun náà wà láàárín wọn, ó ń kọ ebè tirẹ̀, ó ń sunkún sínú poro. Nígbà tó kan ẹlòmíràn, ó jáde. Títí di òní ló ń jáde.

Má ṣe sọ fún mi pé ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́nu rẹ nìyẹn. Ó kẹ́kọ̀ọ́, àbí? Aya rẹ̀ ló sì fi ara san owó ẹ̀kọ́ náà. Bí àwa èèyàn ṣe máa ń fi ọgbọ́n tí a jèrè tu ara wa nínú, nígbà tí ẹni tí a fi rà á wà nínú ilẹ̀, ìríra ló jẹ́.

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi, tí o ti fi ayé aláfẹ́ sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run, èmi kò bá ọ jà lórí ìyẹn. Jẹ ìwọ̀nba. Wọ ìwọ̀nba. Sá fún olówó èlé bí ẹni ń sá fún iná. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá búra níwájú Ọlọ́run, wo inú ilé rẹ yíká, kí o wádìí ẹni tí ìbúra náà ń pa. Ìwọ lo fi ẹnu búra. Ẹ̀yìn ta ló ń tẹ̀ nítorí rẹ̀? Ìwọ lo ń gbààwẹ̀. Ta ni ebi rẹ̀ ń pa? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ẹlòmíràn ló ń ru ìwà mímọ́ rẹ, olè ni ọ́, bó o tilẹ̀ wọ funfun. Ọlọ́run kò sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Padà sílé lónìí. Bi aya rẹ ibi tó ń dùn ún. Kí o sì dákẹ́ títí tí yóò fi sọ ọ́ tán.