Ìkòkò Tábà Ọdẹ́rìndé

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Agbára ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́ ní í la ìkòkò tábà tó dí, ooru ni." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa òwe yìí. Ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ìtàn náà kò gùn.

Ọkùnrin kan wà ní abúlé Ìdí-Arère tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Àgbẹ̀ ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró, ó sì ti fi í fún ọkọ ní Ẹsẹ̀-Odò. Nígbà tó di ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró dé láti ilé ọkọ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó wọlé, ó sì dákẹ́.

Àṣà wọn ni pé bí ọmọ bá kó ẹrù wá sílé báyìí, àwọn àna yóò wá bèèrè rẹ̀. Bí ó bá ní ẹjọ́, bàbá rẹ̀ ni yóò gbé e kalẹ̀ níwájú wọn. Bí kò bá rí ẹjọ́ kankan rò, bàbá kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọmọ yóò tẹ̀lé wọn padà lọ́jọ́ náà. Oníṣẹ́ sì ti dé láti Ẹsẹ̀-Odò pé wọ́n ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọ̀la.

Ọdẹ́rìndé mọ ọmọ rẹ̀. Àwẹ̀ró kì í ṣe ẹni tí í sá nídìí iṣẹ́. Nǹkan kan ti ṣe é. Kí ni nǹkan náà?

"Ṣé ọkọ rẹ nà ọ́ ni?"

Àwẹ̀ró mi orí.

"Àbí ebi ni?"

Ó tún mi orí.

"Sọ̀rọ̀, Àwẹ̀ró. Kí ni kí n wí fún wọn lọ́la?"

Bí ohùn bàbá ti ń lọ sókè ni orí ọmọ ń lọ sílẹ̀. Ó bèèrè títí ilẹ̀ fi ṣú. Ilẹ̀ mọ́, ó tún bèèrè. Ohùn rẹ̀ há, kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ó jáde síta, ó jókòó, ó kì tábà sínú ìkòkò rẹ̀. Amọ̀ ni orí ìkòkò náà, igi oníhò ni ọ̀pá rẹ̀. Ó fi ẹyin iná lé e, ó fà á. Èéfín kò wá. Ó fà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wọnú. Ó da tábà náà nù, ó bú ẹni tó tà á fún un, ó kì òmíràn. Kàkà kó san, ńṣe ló le sí i. Ó ṣa ẹyọ igbálẹ̀ kan, ó tì í bọ inú ọ̀pá, igbálẹ̀ dá síbẹ̀. Ó wá kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ, ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Oje tábà kíkorò já wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Adúfẹ́, ń bó ẹ̀gúsí nítòsí. Òun náà ń mu tábà. Ó ti ń mu ún kí Ọdẹ́rìndé tó gbọ́n.

"Ṣé o fẹ́ gbé ìkòkò náà mì ni?"

"Tábà yìí ni kò dáa, ẹ̀gbọ́n mi."

"Tábà ò ṣẹ̀ ọ́. Tútù lo ń kì í, o tún ń kì í mọ́lẹ̀ bí ẹni ń mọ ògiri. Bí o bá mu ún tán, wàá jù ú sílẹ̀ gbalaja, oje á ṣàn wọ ọ̀pá, á dì síbẹ̀. Bí o sì ṣe ń fà á yẹn, ńṣe ló ń kó jọ sí i. Gbé e wá."

Ìyá Adúfẹ́ gbọn tábà inú rẹ̀ dànù. Ó gbé ìkòkò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ ò ṣe tì í bọ iná kó yá?"

"Kí ọ̀pá jó, kí amọ̀ là. Jókòó."

Ó jókòó. Nígbà tó yá, oje dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í kán lẹ́nu ọ̀pá. Ìyá Adúfẹ́ fẹ́ ẹ fẹ́ẹ́rẹ́, igbálẹ̀ bá oje jáde. Ó fi tábà gbígbẹ sí i láìkì í mọ́lẹ̀, ó fi iná lé e, ó fà á bí ẹni ń mí. Èéfín gòkè.

"Gbà. Má fa ẹ̀mí rẹ̀ yọ."

Ọdẹ́rìndé gbà á, kò fi sẹ́nu. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, láti àná ni mo ti ń fà á."

"Mo ń gbọ́ ọ."

Ọdẹ́rìndé gbé ìkòkò náà ti ògiri, ó wọlé. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó dá iná, ó sun iṣu, ó ha ojú rẹ̀, ó bu epo sí i, ó gbé e síwájú Àwẹ̀ró. Ó jókòó tì í. Ó sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tó bí ìbejì tí kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn mu ọmú. Ó sọ̀rọ̀ àgbàdo tí ọ̀bọ fẹ́rẹ̀ẹ́ kó tán. Àwẹ̀ró jẹ iṣu náà. Ó bèèrè orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ ewúrẹ́ tí kò rí ọmú mu náà. Bàbá rẹ̀ tún ha iṣu mìíràn fún un.

"Bàbá, oyún bàjẹ́ lára mi."

Ọdẹ́rìndé gbé ọ̀bẹ iṣu sílẹ̀.

"Àwọn ará ilé ọkọ mi ní èmi ni mo jẹ ẹ́. Wọ́n ní bí mo bá sọ ọ́ síta, àwọn á pè mí ní àjẹ́ lójú ọjà. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Kò wí nǹkan kan."

Bàbá fi igi kún iná. "Jẹun," ló wí.

Nírọ̀lẹ́, àwọn àna dé. Ó fún wọn lómi. Ó gbé ẹjọ́ náà kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbé ohùn sókè. Ẹni tó ṣáájú wọn tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Àwẹ̀ró kò ní tẹ̀lé yín," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Ẹ sọ fún ọkọ rẹ̀ kó wá fúnra rẹ̀. Bó bá dé, kó kọ́kọ́ jókòó."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Àwẹ̀ró jáde láti inú yàrá, ó jókòó ti Ìyá Adúfẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wí pé agbára ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́ ní í la ìkòkò tábà tó dí, ooru ni. Àwọn àgbà ń pa á nígbà tí ìbànújẹ́ bá pa ẹnìkan lẹ́nu mọ́, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì ń fi ariwo bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa á, ẹni tó ń pariwo yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò sì wá ibi jókòó.