Àwẹ̀ró Tó Wọ Odò Òjìjí

Ní ọdún tí àwọn ará Òkè-Ìsádi kọ́kọ́ gun àpáta tí wọ́n wà lórí rẹ̀ títí di òní, ogun ló ń lé wọn bọ̀. Àwọn akónilẹ́rú ti jó ilé wọn àtijọ́ kanlẹ̀, wọ́n sì ń tọpasẹ̀ wọn. Olórí wọn, Jagun Ọdẹ́tọ́lá, pàṣẹ pé kí wọ́n mọ odi yí àpáta náà ká kí òjò tó dá. Ó fi ọdẹ ṣọ́ igbó, ó fi tafàtafà ṣọ́ ọ̀nà, ó ní kí wọ́n gbẹ́ yàrà jíjìn sẹ́yìn odi. Gbogbo ibi tí ewu lè gbà wọlé ló dí, àfi odò Wẹ́rẹ́, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi tí wọ́n fi ń po amọ̀. Ta ni í ṣọ́ ẹja?

Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin méjì wọ odò náà, wọ́n ṣubú láì ké, wọ́n sì kú sínú omi tí kò ju orúnkún lọ. Ní ọjọ́ kẹfà, ó kan Ògúnsẹ̀yẹ, ọkọ Àwẹ̀ró amọ̀kòkò. Àwẹ̀ró arẹwà amọ̀, obìnrin kúkúrú tí ìkòkò rẹ̀ í dún bí agogo, òun fúnra rẹ̀ ló wẹ òkú ọkọ rẹ̀. Ó wá ojú ọgbẹ́ títí, kò rí. Kò séyín ọ̀nì, kò sóró ejò. Ojú Ògúnsẹ̀yẹ kàn là sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lójijì. Àwọn èèyàn ní odò ti kọ̀ wọ́n, wọ́n sì ń di ẹrù.

Àwẹ̀ró ní, “Ẹ jẹ́ kí n rí ohun tó pa ọkọ mi ká tó sá fún un.”

Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò, ó ki ọwọ́ bọ omi. Ohun kan gbá a títí dé èjìká, ó sì ṣubú sẹ́yìn sórí iyanrìn. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó rí ẹja aláwọ̀ eérú kan, ó sanra, kò ní ìpẹ́, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn mìíràn wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Òjìjí ni, Jagun, ẹja tí ara rẹ̀ ń gbọn èèyàn,” ló wí nígbà tó padà. “Apẹja ni bàbá mi. Ó ní òjìjí tó bá jà títí, agbára rẹ̀ á tán, ọmọdé á gbé e. Ẹ so okùn mọ́ mi nídìí, kí n lọ jẹ́ kí wọ́n jà á tán.”

Jagun ní, “Àwẹ̀ró, àṣẹ mi ló gbé ọkọ rẹ dé odò yẹn. Èmi ló yẹ kí n wọ̀ ọ́.”

“Bí ẹ bá kú, ta ni yóò parí odi? Ẹ sáà di okùn náà mú.”

Jagun dì í mú. Ìgbà mẹ́jọ ni ẹja lù ú bolẹ̀, ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n fà á jáde, tí Jagun ń fi aṣọ ara rẹ̀ nù ún lójú, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé ó tó. Nígbà kẹsàn-án, ó jókòó sínú omi náà, kò sì ṣubú mọ́. Wọ́n fi agbọ̀n kó ẹja náà. Ẹnì kan gbé àdá sókè.

“Rárá o,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ilé wọn la wá bá wọn. Àwa náà mọ bó ṣe rí kí wọ́n léni nílé. Ẹ kó wọn sínú omi òjò tó wà ní yàrà.”

Odi parí. Nígbà tí àwọn akónilẹ́rú dé, òjò ti kún yàrà. Àwọn aṣíwájú wọn wọ omi náà tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn tó kù sá, wọn kò padà wá mọ́.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Àwẹ̀ró kò mọ ìkòkò mọ́. Ó ń gbọ̀n débi pé kò lè gbé oúnjẹ dé ẹnu. Lójoojúmọ́ ni Jagun ń wá, a lóṣòó síwájú rẹ̀, a bu òkèlè, a fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, a sì wí pé, “Ẹ lanu, ìyá wa.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ọlọ́jọ́ Àwẹ̀ró fi dé.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń tún odi Òkè-Ìsádi rẹ́, Baálẹ̀ kì í fi nǹkan kan ẹnu kó tó lọ lóṣòó níwájú amọ̀kòkò tó dàgbà jù nílùú, kó bọ́ ọ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí oúnjẹ náà tilẹ̀ ti tutù, ó gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i.