Oyèlùdé Agbẹ́kànga Gbé Èsúsú Sílẹ̀

Kì í ṣe gbogbo omi tó gba ojúlé mi kọjá ni tèmi. Ẹni tí kò bá ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, wọn a máa bi í ní ti ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sọ fún Oyèlùdé agbẹ́kànga nílùú Ìlọrà, ní ọjọ́ tí ìdààmú bá a.

Ìwé kan ló kó ìdààmú bá a. Àwọn agbowó orí kọ̀wé pé owó orí ọdún mẹ́ta tó wà lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́rin náírà. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé tí kò san án, tí kò sì fi ẹ̀rí gbe ara rẹ̀, wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ kànga. Ọdún mẹ́sàn-án ni Oyèlùdé fi kó owó ẹ̀rọ náà jọ. Bí ẹ̀rọ bá lọ, iṣẹ́ tán nìyẹn, àti òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Láoyè onípáànù, tí òun náà gba irú ìwé yìí, jọ lọ sọ́dọ̀ Ìyáàfin Morádéyọ̀. Ìyá yìí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ owó orí, ó wá ń bá àwọn agbaṣẹ́ṣe tọ́jú ìwé owó wọn lókè ṣọ́ọ̀bù afọ́tò kan. Kò ní ọ̀pẹ̀lẹ̀, kò ní ọpọ́n. Ìwé báńkì Oyèlùdé ló tẹ́ sórí tábìlì, ó fi bírò pupa tọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀, ó sì dúró níbì kan.

"Oyèlùdé, ta ló ni owó tó ń wọlé ní gbogbo Sátidé yìí?"

"Owó èsúsú ni, Màmá. Àwa oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n la jọ ń dá a, èmi sì ni olórí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń san án sí. Bí oṣù bá pé, n ó kó o fún ẹni tó kàn."

"Inú báńkì tí owó iṣẹ́ rẹ ń gbà wọlé náà ni?"

"Inú rẹ̀ náà ni. Báńkì mélòó lèèyàn fẹ́ ní?"

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó ń bá èèyàn márùndínlọ́gbọ̀n ru ẹrù ni wọ́n ní kó san owó oníbodè gbogbo wọn! Gbogbo owó tó wọlé ni agbowó orí kà sí èrè rẹ̀, nítorí Oyèlùdé kò fi ìwé kankan sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ẹbọ ń bẹ níbẹ̀," ni ìyá wí. "Kó gbogbo rìsíìtì rẹ wá, ti páìpù, ti epo ẹ̀rọ, ti owó àwọn lébìrà. Wá ìwé ẹ̀rí tí àwọn tó gbéṣẹ́ fún ọ fún ọ nígbà tí wọ́n yọ owó orí nínú owó rẹ. O ti san ìyẹn. Máa fún mi lówó iṣẹ́ mi lóṣooṣù, kí n máa ṣe ìwé, kí ìwọ máa gbẹ́ kànga. Èyí tó wúwo jù nìyí: kó èsúsú kúrò nínú báńkì rẹ, kí o lọ síwájú àwọn tó ni ín, kí o ṣàlàyé, kí oníkálukú sì fọwọ́ sí i pé òun ló ni owó tòun."

Oyèlùdé dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Bí èsúsú bá kúrò lọ́wọ́ èèyàn nílùú wa, wọn kì í bèèrè ìdí, wọ́n á ní ó kó o jẹ ni. Wọ́n sì ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé kí n wá máa tú àṣírí owó mi fún yín ni?"

"Ọmọ ni wọ́n ní ká má kà. Owó tí ìwọ kò bá kà, agbowó orí á bá ọ kà á."

Ìyá wo ìwé Láoyè náà, ohun kan náà ló ní kó ṣe, ṣùgbọ́n Láoyè yínmú. Olórí èsúsú àwọn onípáànù lòun náà, kò sì ní jẹ́ kí obìnrin kan gba oyè náà lọ́wọ́ òun. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan tí yóò bá òun pa fáìlì òun rẹ́ lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí. Ó kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà fún un, ó lọ sùn, ó hanrun.

Nígbà tó di Sátidé, Oyèlùdé dìde láàrin ẹgbẹ́. Ojú ń tì í gidigidi, síbẹ̀ ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá Ògúntádé bíríkìlà, tó dàgbà jù nínú wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọdún mẹ́fà lo ti ń gbé owó wa, kọ́bọ̀ kò dín rí. Ẹ mú bírò wá."

Gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Àwọn tí kò mọ̀wé tẹ ìka. Wọ́n ṣí àkáǹtì tuntun ní báńkì ní orúkọ ẹgbẹ́, ẹni mẹ́ta ni yóò sì máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Wọ́n gba èsúsú lọ́wọ́ Oyèlùdé, ṣùgbọ́n wọn kò gba àga olórí. Àpò sìmẹ́ńtì ló fi ru rìsíìtì lọ bá ìyá. Ìyá to gbogbo rẹ̀, ó kó o lọ fún àwọn agbowó orí. Kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé, èsì dé: owó orí tó kù kó san kò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà lọ. Ó san án lọ́jọ́ náà, ó jó, ó rìn bí ọlọ́lá. Kò pẹ́ tí àwọn ará ẹgbẹ́ fi ń gun àtẹ̀gùn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù pẹ̀lú àpò tirẹ̀.

Ọkùnrin tí Láoyè kó owó fún kò gbé fóònù mọ́. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, àwọn agbowó orí ti ṣọ́ọ̀bù páànù Láoyè pa. Ó wá gun àtẹ̀gùn náà, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Ìyá fún un lómi mu, ó ní, "Ẹbọ àná náà ṣì ni, Láoyè. Owó ìtanràn ló lé e." Yóò san ìyẹn, yóò tún dúró síwájú àwọn onípáànù rẹ̀, owó tó fún ọkùnrin yẹn sì ti di àwátì.

Ẹni tó gbọ́ ẹbọ tó rú u ń gbẹ́ kànga lọ. Ẹni tó gbọ́ tó yínmú jókòó síta, ó ń wo àgádágodo.