Ọ̀rọ̀ Tí Akàn Ń Wá fún Ìrìn Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gba etí odò lọ, kò yà síbì kan, ó di ọ̀dọ̀ Akàn.

Láyé ijọ́un, iwájú tààrà ni Akàn ń rìn bí ẹranko yòókù. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn kò ju ọ̀kan lọ. Bí Ẹṣin bá kọjá, àwọn ará ìlú a ní ó ń yan kẹ́ńdẹ́kẹ́ńdẹ́. Bí Àkùkọ bá kọjá, wọ́n á ní ó ń yan fàǹdàfàǹdà. Ìgbín pàápàá ní tirẹ̀: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí Akàn bá kọjá, wọ́n á ní, "Akàn ń lọ." Ó tán.

Akàn a máa rò ó. Ta ló ń pín ọ̀rọ̀ wọ̀nyí? Kí ló dé tí kò kan òun? Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ò kọjá níbì kan rí, kí ẹ máa ro ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn yín?

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, odò ń gbẹ, ọjọ́ ọdún sì ń bọ̀. Erin tó jẹ́ ọba wọn kéde pé ẹni tí ìrìn rẹ̀ bá wu òun jù lọ́jọ́ náà ni yóò máa ṣíwájú òun lọ sí odò, ẹni náà ni yóò sì máa kọ́kọ́ mu omi.

Akàn gba ilé Àkùkọ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ nǹkan."

"Kí lo gbọ́?"

"Wọ́n ní ẹ ń rìn tìgbéragatìgbéraga. Wọ́n ní Kábíyèsí máa tu ìyẹ́ ìdí yín lọ́jọ́ ọdún."

Àkùkọ bojú wẹ̀yìn wo ìyẹ́ ìdí rẹ̀. "Èmi? Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń rìn."

"Ẹ ṣáà má yan mọ́. Ẹ tẹ orí ba."

Ó kúrò níbẹ̀, ó bá Ẹṣin. Ó ní wọ́n ní Ẹṣin ń rìn tìyangàntìyangàn, bí ẹni pé ilẹ̀ ń rùn sí i. Omi lé sójú Ẹṣin.

Akàn wá ń kọrin lọ sílé. Ẹ bá mi gbè é:

Fàǹdà ti di tèmi o,
*Rìn, jẹ́ á wò.*
Kẹ́ńdẹ́ ti di tèmi o,
*Rìn, jẹ́ á wò.*
Akàn ló ń bọ̀ lọ́nà o,
*Rìn, jẹ́ á wò.*

Ọjọ́ ọdún pé. Àkùkọ wọ agbo, ó tẹ̀ kọ́ọ́kọ́ọ́, ìyẹ́ rẹ̀ ń gbálẹ̀. Ẹṣin ń wọ́ ẹsẹ̀ bí aláìsàn. Ó wá kan Akàn.

Akàn rò ó pé ọ̀rọ̀ kan kéré fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ó ní kí ẹsẹ̀ iwájú máa yan fàǹdà, kí tẹ̀yìn máa yan kẹ́ńdẹ́, kí tàárín máa ṣe pẹ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Ó ṣubú, ó dìde, ó tún gbìyànjú. Iwájú ló ń wò, ẹ̀gbẹ́ ni ẹsẹ̀ ń gbé e lọ.

Erin ní, "Akàn, ibo lò ń lọ?"

"Kábíyèsí, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀."

Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ló ń jìnnà sí ọba. Gbogbo àwùjọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pa Àkùkọ náà, ó gbórí sókè láìmọ̀.

Erin rí i. "Àkùkọ, kí ló ti ń ṣe ọ́ lọ́rùn láti àárọ̀?"

"Kábíyèsí, wọ́n ní ẹ fẹ́ tu ìyẹ́ mi nítorí bí mo ṣe ń yan."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Àkùkọ wo Akàn. Ẹṣin náà wo Akàn.

Erin ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Rìn bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ."

Àkùkọ na ọrùn, ó yan fàǹdàfàǹdà yí agbo ká, Erin sì ní òun ni yóò ṣíwájú. Wọ́n kọjá lọ sí odò, Ẹṣin ń yan kẹ́ńdẹ́ lẹ́yìn wọn.

Akàn fẹ́ to ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Kò tò mọ́. Ó rọra ń yọ́ lọ, ó wá gbọ́ tí àwọn ọmọ Ewúrẹ́ ń wí pé, "Ẹ wo Akàn bó ṣe ń lọ tẹ̀gbẹ́tẹ̀gbẹ́."

Ó dúró. Ṣé iyì nìyẹn, àbí èébú? Kò mọ̀. Ojú tì í láti bi wọ́n. Ó gbẹ́ ihò sétí odò, ó kó sí i, ṣùgbọ́n ó fi ojú rẹ̀ méjèèjì síta, bóyá wọ́n á tún un sọ kí òun lè mọ èwo ni.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ kún un, ẹ lọ sétí odò kí ẹ bi Akàn. Ojú rẹ̀ ṣì wà níta.